Káyáàkì Òkun Àlòkù: Ohun Tí Owó Kékeré Lè Rà

Ẹni tó bá ní £700 lọ́wọ́, tó sì ń fẹ́ káyáàkì, ọkọ̀ tín-ín-rín tí a ń fi àjẹ̀ tù, èyí tí wọ́n ṣe fún òkun, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, kó má wulẹ̀ yà sí ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta tuntun, nítorí pé tuntun tí wọ́n fi fáíbà ṣe ti kọjá £3,000, èyí tí wọ́n fi ike ṣe pàápàá sì ti lé ní £1,000 kí a tó sọ̀rọ̀ àjẹ̀ tí a ó fi wà á. Àlòkù ló kù fún irú wa. Láti ìgbà tí àwọn ará ilé wa kan ti rí àwòrán mi lórí odò Medway ní Kent ni wọ́n ti ń béèrè bí mo ṣe rí ọkọ̀ ra, ìdáhùn tí mo sì ń fún wọn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí: ọkọ̀ fáíbà tó ti dàgbà, ṣùgbọ́n tí ẹni tó ni ín tọ́jú, sàn ju ọkọ̀ ike tí kò tíì pẹ́ tí oòrùn ti bà jẹ́, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí a bá sì mú jáde kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀ rárá.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ káyáàkì sí lára ni a lè gbé lọ sí òkun. Èyí tí àwọn ilé ìtajà ńláńlá máa ń kó síta ní ìgbà ooru, tí ènìyàn máa ń jókòó lé lórí dípò kó wọ inú rẹ̀, dára fún ọmọdé àti fún etí omi tó dákẹ́, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti le, agbára káká ni yóò fi rìn. Káyáàkì òkun gùn, ó sì tín-ín-rín: ó sábà máa ń gùn tó mítà 5 tàbí kó lé díẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ kì í sì í jìnnà sí sẹ̀ǹtímítà 55. Ohun tó tún ṣe kókó ju ìrísí rẹ̀ lọ ni àwọn ògiri inú rẹ̀, tó pín in sí yàrá, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan tàbí méjì lẹ́yìn, tí ibi ìjókòó sì wà láàárín. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ibi ìjókòó nìkan ni omi yóò kún. Afẹ́fẹ́ tó há sí iwájú àti ẹ̀yìn ni yóò gbé e léfòó, òun náà ni yóò jẹ́ kí ẹni tó wà nínú omi lè gùn ún padà. Ọkọ̀ tí kò bá ní ògiri níwájú àti lẹ́yìn, mo máa ń kọjá lára rẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Àwọn Inuit ilẹ̀ Greenland àti àwọn ará ibi òtútù yòókù ní àríwá ló ni ọgbọ́n ọkọ̀ yìí. Igi tí omi òkun bá gbé wá sí etíkun ni wọ́n ń fi ṣe egungun rẹ̀, awọ ẹran inú òkun tí wọ́n ń pè ní seal ni wọ́n sì ń fi bò ó. Ní ọdún 1959, Ken Taylor gbé ọ̀kan bọ̀ sí Scotland láti abúlé Igdlorssuit ní Greenland, ara ọkọ̀ náà sì ni Geoff Blackford ti rí àwòṣe tó fi ṣe Anas Acuta, ọ̀kan nínú àwọn káyáàkì fáíbà tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni Frank Goodman, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Valley sílẹ̀ ní Nottingham, ṣe Nordkapp, tí wọ́n tù dé ìpẹ̀kun àríwá Norway ní 1975. Ní 1977, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tu irú ọkọ̀ yìí yí Cape Horn ká, ní ìsàlẹ̀ pátápátá Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí kò ju pé ọkọ̀ tó ti pé ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún nínú irú wọn ṣì wà lórí àtẹ, òkun kò sì yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Nordkapp àtijọ́, Romany tàbí Explorer tí wọ́n ṣe ní Holyhead ní Wales, gbogbo wọn ṣì ń rìn dáadáa. Ẹni tí olùtajà bá ń kó láyà jẹ pé àwòṣe ọdún yìí yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kó bi í léèrè bóyá apá tí yóò tù ú náà jẹ́ ti ọdún yìí.

Ọ̀rọ̀ fáíbà àti ike ni ibi tí mo ti rí i pé owó àwọn ènìyàn ń ṣòfò jù. Ike kì í fọ́ bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń gúnlẹ̀ sáàárín àpáta ní Wales tàbí Cornwall ní ìdí láti fẹ́ ẹ, nítorí pé ó lè kọlu òkúta kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Ọkọ̀ ike tí wọ́n fi síta fún ọdún púpọ̀ láìbò á ṣá, ara rẹ̀ á máa hu funfun, á sì gbẹ débi pé bó bá fẹnu gbá nǹkan lọ́jọ́ kan báyìí, ó lè là. Bó bá sì ti là, wàhálà dé, torí pé irú ike yẹn, tí wọ́n ń pè ní polyethylene, kò gba gọ́ọ̀mù. Ooru ni wọ́n fi ń jó o pọ̀, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ náà kò sì pọ̀. Ó tún máa ń tẹ̀ bí wọ́n bá dè é mọ́ orí mọ́tò ní àdèjù nínú oòrùn, tàbí bí wọ́n bá gbé e ka orí igi méjì fún ìgbà pípẹ́ láìyí i padà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wọnú, omi á sì máa fà á sẹ́yìn.

Fáíbà ní tirẹ̀ máa ń fọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé tún ṣe. Ẹni tó bá ní sùúrù láti fi sánpépà ha ojú ibi tó fọ́, kó fi aṣọ fáíbà àti resin, gọ́ọ̀mù olómi tó máa ń le bó bá gbẹ, lẹ̀ ẹ́ láti inú ní ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ, kó sì bo imú àti ẹnu rẹ̀ dáadáa nítorí eruku, lè tún ihò tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ṣe nínú gáréèjì. Fáíbà tún sábà máa ń fi kìlógíráàmù mélòó kan fúyẹ́ ju ike tó gùn bákan náà, ẹni tó bá sì ń dá nìkan gbé ọkọ̀ gun orí mọ́tò yóò mọ ìyàtọ̀ náà ní èjìká. Ní àgbègbè Kent tí mo ń gbé, ẹrẹ̀ ló pọ̀ ju àpáta lọ. Ohun tó máa ń ha ìdí ọkọ̀ níbí ni kọnkéré ibi tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ wọ omi, àti àwọn ìkarahun mímú tó wà létí òkun Whitstable, ìlú tí òkìkí ọ́sítà rẹ̀ kàn. Bí mo bá ń gbé ní Pembrokeshire ní Wales, níbi tí àpáta pọ̀ sí, bóyá ọ̀rọ̀ mi ìbá yàtọ̀.

Facebook Marketplace, Gumtree àti eBay ni ọ̀pọ̀ ọjà náà wà, ṣùgbọ́n ti inú ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ mọ ìtàn ọkọ̀ náà. Láti oṣù kẹwàá títí ọdún tuntun ni owó máa ń rẹlẹ̀, nígbà tí òtútù ti dé tí ìyàwó ilé sì ń béèrè ìgbà tí gáréèjì yóò ṣófo. Tó bá di àárín oṣù kẹrin, tí oòrùn yọ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ọkọ̀ kan náà yóò ti gbówó lórí. Àwòrán tí wọ́n yà láti òkè kì í sọ nǹkan kan fún wa ju àwọ̀ ọkọ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ ni mo máa ń béèrè. Bí olùtajà bá kọ̀ láti yí i dojú bolẹ̀ kó ya á, mo máa ń kí i pé ó dàárọ̀.

Èyí tí mo rà wà nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé bàbá Òyìnbó kan ní Whitstable, Romany oní-fáíbà tó ti lé ní ogún ọdún, tí tápólì bò látòkè délẹ̀. £550 ni wọ́n ń pè é. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n kan, kápẹ́ńtà ọmọ Ìlàjẹ bíi tèmi tó ń gbé ní Gillingham, pé kí wọ́n bá mi lọ nítorí mọ́tò ńlá wọn àti nítorí ojú wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ iye rẹ̀, wọ́n dúró lójú ọ̀nà.

“Àbúrò, £550 fún ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnì? Bí wọ́n bá gbọ́ èyí ní Ayétòrò, wọn ò ní jẹ́ kó o sọ̀rọ̀ láwùjọ mọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó ná.”

A yí i dojú bolẹ̀ lórí koríko. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀lé àárín ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti imú dé ìdí, nítorí pé ọwọ́ máa ń rí ohun tí ojú fò dá. Nítòsí ìdí, níbi tí wọ́n ti máa ń wọ́ ọ nílẹ̀, awọ òde tó ń dán ti jẹ tán, aṣọ fáíbà sì ti hàn ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Ìyẹn kò kó mi láyà sókè. Wọ́n á ha á, wọ́n á kun ún, wọ́n á sì lẹ ọ̀já aláàbò kan mọ́ ọn. Lẹ́yìn ibi ìjókòó, níbi tí ènìyàn ń jókòó lé kó tó ti ẹsẹ̀ bọnú, ilà wẹ́wẹ́ ti tàn káàkiri bí okùn aláǹtakùn. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀ gidigidi. Bí ibi tí a tẹ̀ bá rọ̀ tàbí tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, fáíbà abẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ́ nìyẹn. Bó bá le, awọ òde nìkan ló là. Ibẹ̀ le. Ẹ̀gbọ́n wá ti iná tọ́ọ̀ṣì bọ inú yàrá iwájú, èmi sì tẹjú mọ́ ìta: gbogbo ara ọkọ̀ náà ràn, àyàfi ibì kan lápá òsì tó ṣókùnkùn, tí bàbá náà kò mẹ́nu bà. Wọ́n ti lẹ ibẹ̀ rí. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti di ọ̀rọ̀ tí a ó fi yọ owó.

Lẹ́yìn èyí ni omi. Mo bu omi korobá kan sínú yàrá kọ̀ọ̀kan, mo dé e, a gbé ọkọ̀ náà dagun síwájú, a tún gbé e dagun sẹ́yìn, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà tí bàbá náà fi po tíì. Ògiri iwájú kò jò. Èyí tó wà lẹ́yìn ìjókòó ń sun díẹ̀díẹ̀ láti ojú ihò tí wáyà kan gbà kọjá. Wáyà yẹn ni wọ́n fi ń fa abẹ kékeré tó ń yọ nísàlẹ̀ ìdí ọkọ̀, skeg, èyí tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ máa yí ọkọ̀ sí ibi tí a kò fẹ́. Ó há. Bàbá náà ní yanrìn ló wọ ibẹ̀, pé bí a bá ti fi omi ṣàn án, yóò jáde.

“Yanrìn kì í tẹ wáyà,” ni ẹ̀gbọ́n sọ fún mi lédè wa, wọ́n sì nawọ́ sí ibi tí wáyà náà ti ṣẹ́ kọ́lọ́.

Òótọ́ ni. Nígbà tí òkúta bá há sínú àpótí skeg tí ènìyàn sì fi agbára tì í láti òkè, wáyà ló máa ń tẹ̀, wáyà tó bá sì ti tẹ̀, pípààrọ̀ ni. Ìdérí rọ́bà àwọn ihò ẹrù ni mo wò kẹ́yìn, mo tẹ̀ ẹ́ po láti mọ̀ bóyá ó ti ń sán, nítorí pé ẹyọ kan rẹ̀ lè gbé owó dání ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, bí omi bá sì gba ibẹ̀ wọlé, ògiri inú kò wúlò mọ́. Okùn tó wà lójú ọkọ̀ ti gbó, mi ò kà á sí. Owó táṣẹ́rẹ́ ni.

Kí ènìyàn má ra ọkọ̀ tí kò jókòó sínú rẹ̀ rí. Orúnkún gbọ́dọ̀ rí ibi fara tì lábẹ́ etí ihò ìjókòó ní ọ̀tún àti òsì, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ibi ìtẹ̀sẹ̀, ìbàdí kò sì gbọ́dọ̀ há débi tí ẹsẹ̀ yóò fi kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ìgbà Nordkapp àkọ́kọ́ ní ihò ìjókòó kékeré róbótó tí ènìyàn máa ń rọra ti ara bọ̀, ó sì ṣòro fún ẹni tó bá sanra tàbí tó ga láti bọ́ jáde kíákíá bí ọkọ̀ bá dà á. Ihò tó gùn síwájú, bí irú ti Romany, ni mo lè dámọ̀ràn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì tijú láti sọ ìwọ̀n yín fún olùtajà: ọkọ̀ tí wọ́n gé fún ènìyàn tín-ín-rín máa ń rì jù lábẹ́ ẹni tó tóbi.

Ní ti owó, ìyọwó ibí kò rí bí ti Ọjà Ọba. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì, ọ̀pọ̀ wọn á kàn dákẹ́, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí a ka àlébù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tí àtúnṣe rẹ̀ yóò ná wa, láìfi ọkọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn fẹ́ràn rẹ̀. Mo ka wáyà, mo ka ìdí tó ha, mo ka ibi tí wọ́n lẹ̀. Bàbá náà ronú, wọ́n ní ká mú £430 wá, wọ́n sì fi spraydeck wọn lé e, aṣọ tí à ń so mọ́ ìbàdí tó sì ń bo ẹnu ihò ìjókòó kí ìgbì má baà wọlé. Kí n tó sanwó, mo béèrè nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí ọkọ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé ìsanwó pẹ̀lú orúkọ àwa méjèèjì. Wọ́n máa ń jí káyáàkì gbé gan-an ni, ẹni tó bá ra èyí tí wọ́n jí kì í ní ẹnu ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ni ín bá yọjú.

Nínú £700 tí mo mú jáde, £270 ló kù fún ohun èlò, kò sì sí èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó ni mo kọ́kọ́ rà, tuntun ni, torí pé fóòmù inú rẹ̀ máa ń rẹ̀ bó bá ti gbó, èyí tó péye sì wà tí owó rẹ̀ kò tó £100. Àjẹ̀ àlòkù kò léwu bí ibi tí wọ́n ti ń so ó pọ̀ láàárín kò bá mì. Gígùn bíi sẹ̀ǹtímítà 215 bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu. Fáànpù ọwọ́ tí a fi ń fa omi inú ọkọ̀ síta kì í wọ́n. Aṣọ ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ lé lórí, nítorí pé àwọn ọmọ wa máa ń wo oòrùn oṣù karùn-ún, wọ́n á sì rò pé omi náà ti móoru. Nípárí ìgbà òtútù, omi òkun Kent lè sún mọ́ ìwọ̀n 6 tàbí 7 lórí Celsius. Ẹni tó bá já sínú irú omi bẹ́ẹ̀ lójijì kò ní lè ṣàkóso mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí RNLI, àwọn tó ń gba ẹ̀mí là lójú òkun láti 1824, fi ń kọ́ni pé kí ènìyàn kọ́kọ́ sùn lélẹ̀ lórí omi kó léfòó kó tó ṣe ohunkóhun. Wetsuit àlòkù, aṣọ rọ́bà tó ń jẹ́ kí ara móoru nínú omi, ni owó mi ká.

Òkun kò béèrè láísẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ oníkáyáàkì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ odò àti ipa omi àtọwọ́dá ń béèrè, ẹni tó bá sì wọ Paddle UK, ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ alájẹ̀, ti gba ti púpọ̀ nínú wọn pọ̀ mọ́ ọn.

Kí ẹ tó sanwó rárá, ẹ fi tépù wọn ibi tí ẹ ó gbé e sí. Ọkọ̀ tó gùn ní mítà 5 kì í yí kọ́nà àtẹ̀gùn ilé fúláàtì. Àwọn ẹgbẹ́ atukọ̀ kan máa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní àyè nínú àgọ́ wọn, ìyẹn sì lè jẹ́ ìdí gidi láti dara pọ̀ mọ́ wọn, yàtọ̀ sí pé wọ́n á kọ́ni bí a ṣe ń jáde nínú ọkọ̀ tó dojú dé. Lórí mọ́tò, bẹ́líìtì méjì lórí irin, okùn kan níwájú, òmíràn lẹ́yìn. Bí ìdí rẹ̀ bá yọ ju mítà kan lọ lẹ́yìn mọ́tò, òfin ní kí a jẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí i kedere, aṣọ pupa títàn ni èmi ń so mọ́ ọn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá gbé e wọ omi, ẹ yan àkókò tí omi ń kún lọ, nítorí pé ní Medway, ìyàtọ̀ láàárín omi kíkún àti omi fífà lè ju mítà 5 lọ ní àsìkò òṣùpá kíkún tàbí òṣùpá tuntun, ẹni tí omi bá sì fà lọ sílẹ̀ yóò máa fẹsẹ̀ fa ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ẹ tù ú lẹ́bàá etí omi fún wákàtí kan, ẹ yí i sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dà á níbi tí ẹsẹ̀ yín ti kanlẹ̀, pẹ̀lú ẹnì kan tó mọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e gúnlẹ̀, kí ẹ ṣí yàrá kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì fi kànìnkànìn fa omi inú wọn. Ṣíbí omi méjì tàbí mẹ́ta, ó ti ìdérí wọlé, kì í ṣe nǹkan. Bó bá tó ife kan, ẹ gbé ọkọ̀ padà sílé kí ẹ wá ojú ibi tó ti ń jò. Ti èmi ni ojú ihò wáyà yẹn, silikón ojú omi ni mo fi dí i lọ́jọ́ tí mo pààrọ̀ wáyà náà.